Wàláà Tó Dorí Kodò ní Ìbàdàn

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n kó àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún lọ sí Ìbàdàn nígbà tí Àáfà Múkáílà wọ ọ́fíìsì ọ̀gá wa pẹ̀lú ìwé pélébé kan lọ́wọ́. Orúkọ ọmọ mẹ́rìnlá ló wà nínú ìwé náà. Ọmọ ilé kéwú wọn ni gbogbo wọn, Sídíkátù ọmọ bíbí inú Àáfà fúnra wọn ló sì ṣáájú. Àáfà ní àwọn òbí ló rán àwọn wá, pé àwọn ọmọ náà kò ní bá wa lọ.

Ọ̀gá wa, Ìyáàfin Àjàní, ní kí Àáfà jókòó. Wọn kò jókòó. Wọ́n ní àwọn kò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ àwọn gbọ́ pé ilé kan wà ní Ìbàdàn tó kún fún ère láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé, àti pé tíṣà kan máa ń kó ọmọ ọlọ́mọ síwájú àwọn ère náà, tí yóò máa kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni tíṣà náà.

Kì í ṣe ìmọ̀ nípa ohun àtijọ́ ni mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ o. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Àpòmù. Ìkirè ni mo ń gbé, kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ tí mo ń gùn bọ̀. Ní àwọn ọdún 1980 tí mò ń sọ yìí, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ la ṣì wà, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú wa, ibẹ̀ ni a ti ń lọ gba ṣọ́ọ̀kì àti rẹ́jísítà. Ọjọ́ kan tí wọ́n rán mi lọ gba ṣọ́ọ̀kì ni òjò lé mi wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà. Òjò dá, èmi kò jáde. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn ni wọ́n tó rán mi létí pé mo ní ilé.

Yàrá mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, ilé náà sì ti di ibi tí wọ́n ń ta páànù báyìí. Ṣùgbọ́n ohun mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo kà lọ́jọ́ yẹn, mo sì pinnu pé màá mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí mo ṣe mọ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo ra ìwé aláwọ̀ líle kan. Nítorí pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan nǹkan, mo máa ń na rúlà mi mọ́ ara gíláàsì, kí n di ojú kan, kí n fi ìkejì wo ibi tí nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kí n wá kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Mo wádìí irú igi tí wọ́n fi gbẹ́ ère. Mo lọ bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, mo lọ bá àwọn alágbẹ̀dẹ. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi sọ mí ní Musíọ̀mù. Bí mo bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọ́n á ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé mi sínú gíláàsì.

Ibẹ̀ ni ẹ̀skọ́ṣàn wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọgbà ẹranko la kọ́kọ́ ń kó àwọn ọmọ lọ, lẹ́yìn náà ilé ìṣọ́ gíga orí Òkè Àrẹ̀mọ tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní Láyípo, ká tó wá fi ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kádìí ọjọ́ náà. Ọdún mẹ́fà la ti ń ṣe é. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà, ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọjá odò Aṣéjìrẹ́.

Ìyáàfin Àjàní ka orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, “Tíṣà, mi ò ní pín àwọn ọmọ yìí sí méjì. Bí mẹ́rìnlá ò bá lọ, ẹnikẹ́ni ò ní lọ. Kì í sì í ṣe tọdún yìí nìkan.”

Mo rí i pé gbogbo rẹ̀ fẹ́ parí níṣojú mi. Mo yíjú sí Àáfà, mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ lọ́jọ́ Sátidé, èmi pẹ̀lú yín nìkan. Ẹ fojú ara yín rí i. Bí ẹ bá ní kò dáa, mi ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀skọ́ṣàn mọ́ nílé ìwé yìí.”

Àáfà wò mí títí. Ohun tí wọ́n wá bi mí kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Wọ́n ní, “Ṣé erin wà níbẹ̀?”

Wọ́n ṣàlàyé pé ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ti ń kọ́ ọmọ ní Súrà Erin inú Kùránì, àwọn kò sì rí erin rí. Bí ọmọ bá bi wọ́n pé báwo ló ṣe tóbi tó, wọ́n á ní ó tó ilé ìdáná wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan tún bi wọ́n pé ṣé ilé ìdáná àtijọ́ ni àbí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Wọn kò mọ èsì tí wọ́n máa fún un. Mo ní ó ṣeé ṣe kí erin wà. Báyìí ni Àáfà ṣe gbà.

A pàdé ní gáréèjì Ìkirè lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Àáfà wọ agbádá funfun, wọ́n gbé ẹní ìkírun sí abíyá, wọ́n sì ra dòdò Ìkirè ìdì méjì sọ́wọ́ nítorí ebi. Inú Pijó la wọ̀. Nígbà tí a dé orí afárá Aṣéjìrẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí wọ́n ṣe sé odò náà, bí omi ṣe ń gba inú páìpù dé ilé àwọn ará Ìbàdàn, àti bí páìpù náà ṣe fẹ̀ tó. Mo ṣàlàyé títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìwó Road.

Àáfà ní, “Tíṣà, ṣé ẹnu kì í ro ẹ́?”

Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ibi tí a ó ti bọ́ sílẹ̀.

Erin kò sí ní ọgbà ẹranko. Ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ló sọ fún wa kí a tó wọlé. Àáfà kàn wò mí. A wọlé bẹ́ẹ̀ náà. Kìnnìún sùn gbalaja sábẹ́ òjìji, Àáfà sì bèèrè bóyá èyí náà ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Ọ̀bọ ńlá kan jókòó síwájú àhámọ́ rẹ̀, ó káwọ́, ó ń wò wá bí àgbàlagbà tí wọ́n kọjá lára rẹ̀ tí wọn kò kí. Àáfà dúró, wọ́n kí i pé ẹ kú ìjókòó. Ọ̀bọ náà yíjú kúrò. Wọ́n ní, “Inú ń bí wọn,” a sì bá tiwa lọ. Láti ìgbà yẹn ni ara wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Ní Láyípo, àtẹ̀gùn ń yí po nínú ilé náà bí ìgbín, òun ló fa orúkọ rẹ̀. Àáfà sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé òkè. Nígbà tí a dé òkè tán, tí gbogbo òrùlé páànù pupa Ìbàdàn tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ wa, wọ́n ní kí n fi ọ̀nà Àpòmù han àwọn. Mo nawọ́ sí i. Wọ́n dúró wo ìhà ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó fẹ́ rí ilé rẹ̀. A sọ̀kalẹ̀, wọ́n kírun ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí kan nísàlẹ̀ òkè, a jẹ dòdò ìdì kan, ó wá ku ibi tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Láníyan ló ń tọ́jú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Ẹgbẹ́ mi ni. Aṣọ kákì ló máa ń wọ̀, ìdì kọ́kọ́rọ́ kì í kúrò ní ìbàdí rẹ̀, ó sì ti mọ̀ mí débi pé kì í sọ fún mi mọ́ pé kí n gbé rúlà kúrò lára gíláàsì. Ó ṣí yàrá àkọ́kọ́ fún wa, èyí tí àwọn ère wà. Mo rọra sọ̀rọ̀. Orúkọ igi ni mo sọ, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ inú rẹ̀ kí ó má baà là, ìdí tí agbẹ́gilére fi ń jẹ́ kí orí tóbi ju ara lọ. Mi ò ki ère kankan. Àáfà ń fa tẹ̀súbàá wọn.

Ní igun yàrá kejì ni eyín erin kan ti fara ti ògiri, òun nìkan ni kò sí nínú gíláàsì. Mo sọ ohun tó jẹ́. Àáfà dá tẹ̀súbàá dúró.

“Eyín nìyí? Eyín nìkan?”

Láníyan gbà wọ́n láyè, wọ́n sì fi apá wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta ni àti àtẹ́lẹwọ́ kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi yẹ̀. Wọ́n ní ilé ìdáná tuntun ni, pé àwọn ti rí èsì ọmọ yẹn. Inú mi dùn gan-an. Mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe, mo sì yára mú wọn wọ yàrá kẹta kí n lè fi ohun tí mo rò pé wọ́n máa fẹ́ràn jù hàn wọ́n. Wàláà ni, pákó pẹlẹbẹ tí ọmọ kéwú ń fi tàdáà, yíǹkì wọn, kọ ẹ̀kọ́ sí. Nọ́ńbà kejìléláàádọ́ta nínú ìwé mi. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ka ohun tí mo ti ń kà fún àwọn ọmọ láti ọdún mẹ́fà: bí ó ṣe gùn tó, bí ó ṣe fẹ̀ tó, àti pé ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ bíi ti abẹ̀bẹ̀.

Àáfà sún mọ́ gíláàsì náà. Wọ́n tẹ orí sí èjìká kan, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ sí i, fìlà wọn jábọ́, wọn kò ṣà á.

“Tíṣà, ta ló dorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kodò báyìí?”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé mi. Òkè ni ọwọ́ wàláà máa ń wà. Bí wọ́n ṣe gbé e kọ́ yẹn, gbogbo ìlà tó wà lára rẹ̀ ló dorí kodò. Èmi tí mi ò mọ Lárúbáwá kà, mo ti fara balẹ̀ ya ìlà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé mi bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tí mo fò.

Àáfà kò pariwo, ohùn wọn tilẹ̀ lọ sílẹ̀ ni. Wọ́n ní, “Gbogbo ère tó wà níta yẹn, orí wọn wà lókè. Eléyìí nìkan lẹ rí dorí rẹ̀ kodò.”

Mo mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ yẹn bá dé Àpòmù bẹ́ẹ̀, ẹ̀skọ́ṣàn ti kú nìyẹn. Mo bẹ Láníyan pé kí ó ṣí gíláàsì. Ó ní kò sí bí òun ṣe lè yí nǹkan padà láìgba àṣẹ, ọ̀gá àwọn sì ti lọ sí Èkó, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ó tó dé. Àáfà gbọ́. Wọ́n tẹ́ ẹní wọn síwájú gíláàsì náà, wọ́n jókòó, wọ́n ní àwọn á dúró di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Láníyan ní, “Bàbá, aago mẹ́rin là ń tilẹ̀kùn.”

“Tilẹ̀kùn. Dòdò mi ṣì ku ìdì kan.”

Láníyan fọwọ́ pè mí síta. Ó ní òun gan-an lòun gbé wàláà náà kọ́. Inú àpótí ló wà nígbà tí wọ́n gbé e dé, òun wo ọwọ́ rẹ̀, òun ní abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi wé. Ọ̀gá wò ó, ó ní ó dáa. Bí ọ̀gá bá wá gbọ́ báyìí, á bèèrè mélòó nínú ọgọ́ta yòókù ni òun gbé kọ́ lódì. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Mo ní kí ó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi, pé òun kọ́ ọ lódì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èmi kọ́ ọmọ lódì fún ọdún mẹ́fà. A dúró síbẹ̀ bí ọmọ méjì tó fọ́ ìkòkò.

Mo wá bi í pé, “Nínú iṣẹ́ rẹ, èwo lo máa ń ṣe láìgba àṣẹ?”

Ó rò ó. “Kí n nu eruku.”

Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń gbé nǹkan kọ̀ọ̀kan jáde, á nù ún, á dá a padà. Mo bi í bóyá ìwé kankan wà tó sọ bí ó ṣe gbọ́dọ̀ dá a padà. Ó ní kò sí. Ó tún ní òní kì í ṣe ọjọ́ Ajé. Mo ní kí ó yọjú wo inú ilé dáadáa, bóyá eruku kò sí lára nọ́ńbà kejìléláàádọ́ta. Ó yọjú, ó wò ó, ó wò mí.

Ó ní, “Eruku ibẹ̀ mà pọ̀ o.”

Àáfà ṣe àlùwàlá níbi ẹ̀rọ omi ìta. Láníyan bèèrè bóyá kí òun náà fọ ọwọ́, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fọ tèmi náà, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni mí, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí n fọ̀ ọ́. Láníyan ṣí gíláàsì, ó tú ìṣó mẹ́rin tó fi há wàláà náà mọ́lẹ̀. Ìgbà náà ni a rí ihò kékeré kan lórí ọwọ́ rẹ̀, ibi tí okùn ń gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣó kan péré ni Láníyan ì bá fi gbé e kọ́. Àáfà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n fi etí agbádá nù ún, wọ́n yí i, wọ́n sì kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n ṣì mú un lọ́wọ́. Wọ́n fi ibi tí tàdáà ti fẹ́ tán hàn wá, tí ọmọ tó kọ ọ́ ń fa gègé gbígbẹ lórí pákó. Wọ́n ṣàlàyé pé bí ọmọ bá ti mọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí, wọ́n á fọ wàláà náà, wọ́n á kọ òmíràn sí i. Eléyìí, wọn kò fọ̀ ọ́ rí.

Wọ́n ní, “Ẹni tó rà á gbà á lọ́wọ́ ọmọ yìí kó tó kà á tán ni. Orí ẹ̀kọ́ yìí náà ló ṣì wà.”

Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé àlàyé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì láti ìgbà náà, nínú ilé tó tóbi ju tiwa lọ dáadáa. Mi ò tíì rí èyí tó tó gbólóhùn yẹn.

Àáfà sùn nínú mọ́tò nígbà tí à ń padà bọ̀. Mi ò lè jí wọn kí n bi wọ́n léèrè. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń retí ohun tí wọ́n máa sọ. Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, àwọn òbí péjọ sí kíláàsì kẹfà, àwọn kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn tó kù dúró sójú fèrèsé. Àáfà dìde.

“Mo rí ère níbẹ̀. Ó pọ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n forí balẹ̀ fún wọn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ fún mi ni pé kí n má fọwọ́ kàn wọ́n. Ohun tí èmi náà sì ti ń sọ fún yín láti ọgbọ̀n ọdún nìyẹn.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àáfà dúró kí ó rọlẹ̀.

Wọ́n ní, “Tíṣà yìí kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí kò mọ̀.” Mo wolẹ̀. “Ó ti mọ̀ ọ́n báyìí. Kí àwọn ọmọ máa lọ. Erin ò sí níbẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ kíláàsì kẹfà, àwọn tó bá mi lọ lọ́dún tó ṣáájú. Mo ya wàláà sójú pátákó bí ó ṣe wà ní Ìbàdàn tẹ́lẹ̀, mo ní kí ẹni tó mọ̀ pé ó dorí kodò lọ́dún tó kọjá na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ mọ́kànlá ló lọ sókè. Ọmọ kéwú ni gbogbo wọn, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé wàláà sórí itan. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi.

Ọmọkùnrin kan ní, “Tíṣà, a rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ti Ìbàdàn nìyẹn ni.”

Ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní, “Ẹ sì ti wọ̀n ọ́n, sà.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ mi padà, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí a bá dé iwájú nǹkan kan, ọmọ ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ láti ilé. Èmi ni màá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ní ó ń jẹ àkókò, òótọ́ ni. Ó tún nira fún ẹni tí ẹnu kì í ro. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ní láti jẹ tọ́ọ̀fì kí n lè rí ohun fi dí i.

A lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá pé. Ní yàrá kejì, a dé ìdí nọ́ńbà kọkàndínlógún, ìkòkò kékeré kan tí wọ́n lu ihò sí nísàlẹ̀. Ìwé tó wà lára gíláàsì ní fìtílà àwọn ará àtijọ́ ni, pé ihò yẹn ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde. Sídíkátù ló kàn láti sọ̀rọ̀. Ó wo ìkòkò náà, ó ka ìwé ara gíláàsì, ó tún wò mí. Mi ò yanu.

Ó ní, “Tíṣà, kì í ṣe fìtílà. Ìyá wa àgbà ní méjì. Eérú èèpo kòkó ni wọ́n ń dà sí i, wọ́n á bu omi lé e, omi yẹn á máa kán sínú agbada. Òun ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú.”

Láníyan tó dúró lẹ́yìn wa dáwọ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń mì dúró. Mo ṣí ìwé mi, mo fa ìlà gígùn kan sórí ọ̀rọ̀ fìtílà tí mo ti kọ síbẹ̀, mo sì bi Sídíkátù pé báwo ni omi náà ṣe máa ń pẹ́ tó kí ó tó kán tán. Ó ní bí wọ́n bá dà á láàárọ̀ kí àwọn tó lọ sílé ìwé, ó ṣì máa ń kán nígbà tí àwọn bá dé. Mo kọ ọ́. Mo bi í bí eérú náà ṣe ń pọ̀ tó. Ó ní ó máa ń kún dé ọrùn ìkòkò. Mo kọ ìyẹn náà. Ó súnmọ́ mi, ó yọjú wo ohun tí mò ń kọ, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ ọmọ kíláàsì.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ fi kún un pé ó máa ń rùn.”

Mo fi kún un pé ó máa ń rùn.